Pèrègún Tí Iná Kò Jó Rí

Pèrègún mẹ́rin ló pa Bàbá Yẹ̀kínì, kì í ṣe àdá. Èmi Sájẹ́ǹtì Jẹ́ẹ́dé ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn, kó ní sùúrù kó gbọ́ tẹnu mi tán.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè wá sí abà Ìdí-Òrí, lọ́nà Ìwéré-Ilé. Mi ò tíì fi nǹkan kan ẹnu. Ọ̀kadà méjì ló gbé wa, èmi lórí ọ̀kan, ọ̀gá mi lórí èkejì. Inspẹ́kítọ̀ Àwáwù ni ọ̀gá mi, ọmọ Ṣakí, obìnrin kúkurú kan tí kì í gbóhùn sókè. Mo fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ló ní ìràwọ̀ léjìká, kí ni mo fẹ́ ṣe sí i? Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pè mí, èmi náà ń pè é ní ọ̀gá, a sì ń bá iṣẹ́ wa lọ.

Bàbá Yẹ̀kínì dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ọ̀gán kan, ọkọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ àyà rẹ̀. Nǹkan kan ti bà á ní ìpàkọ́, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ síbẹ̀. Ihò kékeré kan wà níwájú rẹ̀, kò jìn rárá. Ìgbésẹ̀ bíi márùn-ún sí i, àdá kan wà nínú eérú, wọ́n fi irin gbígbóná kọ lẹ́tà K sí èèkù rẹ̀. Àwọn ará ilé bàbá ń bẹ̀ wá pé kí á jẹ́ kí wọ́n gbé òkú wọn, pé òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó yíká, ó ya fọ́tò, ó ní kí wọ́n máa gbé e lọ.

Kí ẹ lè mọ ohun tó wà nílẹ̀: ìdílé Ògúndìran àti ìdílé Ìyápọ̀ ti ń fa ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti ọdún mẹ́ta. Igi kajú wà níbẹ̀, ó lé ní igba. Olóògbé Ògúndìran ló gbìn ín, àwọn ọmọ rẹ̀ méjì tó kù láyé, Kẹ́hìndé àti Ọmọ́tóyọ̀sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló ń fi jẹun. Pèrègún ààlà wà níbẹ̀, gbogbo ojú ló rí i, àárín oko kajú gan-an ló sì gbà kọjá. Ìyápọ̀ ní kajú tó bá ti kọjá pèrègún, tàwọn ni. Gbọ́láhàn ni olórí ìdílé Ìyápọ̀ báyìí, èédú ló ń sun. Gbogbo igi òrí àti ìrúgbá orí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló ti gé tán. Àgbàrá ti gbá ojú ilẹ̀ náà lọ, yangí ló kù, iṣu kì í ta níbẹ̀ mọ́. Oko kajú yìí nìkan ni ibi tí igi kù sí, ó sì ti pọ́n ayùn dè é.

Baálẹ̀ ti dá a pé kí Bàbá Yẹ̀kínì wá tọ́ka ààlà ní ọjọ́ Sátidé. Òun nìkan ló kù láyé nínú àwọn tó wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá ńlá àwọn méjèèjì pín ilẹ̀. Ọmọdé ni nígbà náà. Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí ààlà kò gbọdọ̀ sọ ohun tó mọ̀ fún ẹnikẹ́ni kí ọjọ́ tó pé, àfi tí wọ́n bá pè é síwájú gbogbo ìlú. Bó bá sọ ọ́ fún ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀rí rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò gbọdọ̀ jẹun nílé Ògúndìran, kò gbọdọ̀ mumi nílé Ìyápọ̀. Bàbá sì pa á mọ́. Ó di ẹnu rẹ̀ pa.

Kí á tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ abà ti ń mú kóńdó. Wọ́n ní Fúlàní ni, ẹsẹ̀ màlúù wà káàkiri ibẹ̀, kí á jẹ́ káwọn lọ sí gáà. Ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní kí wọ́n wá wo ojú ẹsẹ̀ màlúù kan. Eérú kún inú rẹ̀. Iná igbó kọjá níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, màlúù sì ti kọjá kí iná tó dé. Bàbá wà láàyè títí di ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Ó wá ní kí ẹni tó bá ṣì fẹ́ lọ sí gáà kọ́kọ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ sájẹ́ǹtì. Mo fa bírò yọ. Kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi.

Gbọ́láhàn ló tún dé pẹ̀lú ariwo tirẹ̀. Ó fà wá lọ sójú ààlà, ó fi hàn wá pé pèrègún mẹ́rin ti pòórá níbẹ̀, wọ́n gé wọn mọ́lẹ̀. Mẹ́rin mìíràn sì ti wà lódìkejì, lẹ́yìn ibi tí igi kajú parí sí.

"Kẹ́hìndé ló gbé ààlà," ó wí. "Bàbá ká a mọ́ ọn, òun ló sì pa Bàbá. Àdá rẹ̀ nìyẹn. Kí lẹ tún ń wá?"

Èmi gan-an ò rí ohun tí a tún ń wá. A bá Kẹ́hìndé níwájú ilé wọn, kò sá, kò sì sọ̀rọ̀. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, ọkàn mi sì ti ń lọ sí oúnjẹ ọ̀sán. Àṣé ọ̀gá mi kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó padà sí oko. Ó lọ jókòó ti pèrègún mẹ́rin tuntun náà, ó ń fi ọwọ́ pa wọ́n lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹsẹ̀ wọn."

Mo wò ó. Pèrègún àtijọ́ tó kù lójú ààlà, ẹsẹ̀ wọn dúdú, ó ta kókó, torí iná igbó kì í yẹ̀ lórí wọn lọ́dọọdún. Mẹ́rin yìí ń dán láti òkè délẹ̀. Mo ní a kúkú mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn wọ́n ni, iná ọjọ́ Ajé ò bá wọn níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe iná ọjọ́ Ajé nìkan. Ká ní ojú ààlà ni wọ́n ti gé wọn wá, àpá iná ọdún gbọọrọ ì bá wà lára wọn. Àwọn yìí kò gbé inú igbó rí.

"Pèrègún wo ni iná kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

"Ti ẹ̀yìn balùwẹ̀," ni mo wí. Lọ́dọ̀ wa, òun ni à ń gbìn yí balùwẹ̀ ká, kí ẹni tó ń kọjá má baà rí ìhòòhò ẹni.

Ilẹ̀ oṣù Èrèlé kì í gba ọkọ́. Ẹni tó gbìn wọ́n ti kọ́kọ́ bu omi sílẹ̀ kó tó lè gbẹ́ ẹ, ẹrẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìdí wọn. Lábẹ́ igi kajú tó sún mọ́ ibẹ̀, ọ̀gá mi rí òṣùká kan. Ewé pèrègún ni wọ́n fi ká a, ẹrù sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Mo ní àwọn ọkùnrin náà máa ń lo òṣùká. Kò bá mi jiyàn, ó kó o sínú báàgì rẹ̀.

Gbọ́láhàn ni ọ̀gá mi kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀, ara mi sì yá sí i, torí mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Bí Bàbá Yẹ̀kínì bá kú, pèrègún tí gbogbo ayé ń rí ni yóò jẹ́rìí, Gbọ́láhàn ni pèrègún náà sì ṣe lóore. Ó ní ọjà Ìwéré lòun wà ní Ọjọ́rú láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀gá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ bá Misturat, ìyàwó ọmọ Bàbá Yẹ̀kínì, òun ló ń se oúnjẹ fún bàbá. Misturat ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ná ọjà Ìwéré, òun gan-an ra elùbọ́ níbẹ̀.

Inú mi dùn. Mo ní ó tán, a ti mú un. A padà sọ́dọ̀ Gbọ́láhàn, òógùn bò ó. Ó wá jẹ́wọ́ pé igbó ìjọba lòun wọ̀ lọ gé igi lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, pé àwọn aṣọ́gbó mú òun láti ọ̀sán, wọn ò fi òun sílẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀gá mi tẹ̀ wọ́n láago. Òótọ́ ni. Ilẹ̀ tirẹ̀ ló ti bàjẹ́ tó fi ń jí igi gé nínú igbó ọba, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Misturat tún sọ nǹkan mìíràn. Gbọ́láhàn gbé àkùkọ àti iṣu wá fún bàbá lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá dá a padà. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ọmọ́tóyọ̀sí náà wá kúnlẹ̀ síwájú bàbá, bàbá kọjú sí ògiri títí ó fi dìde lọ. Nígbà tí bàbá kírun alásàrì tán, ó gbé ọkọ́, ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá ojú òun ṣì mọ ibẹ̀. Àtìgbà náà ni kò padà wálé.

Lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálẹ̀ la ti bi Kẹ́hìndé léèrè. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ta ló ni àdá?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo mú un lọ sí oko lánàá?"

Ó dákẹ́. Mo halẹ̀ mọ́ ọn, mo sọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún apànìyàn, kò jọ ọ́ lójú. Ọ̀gá mi wá yí ọ̀rọ̀ padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í nípa kajú, oògùn tó ń fín sí i, bó ṣe ń rí omi gbé dé oko nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí. Ìyẹn rọrùn fún un láti sọ.

"Kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin ni mo máa ń dè mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà. Odò jìnnà, ta ló máa ru omi?"

Ọ̀gá mi fa òṣùká yọ nínú báàgì, ó gbé e sórí tábìlì. Kẹ́hìndé wò ó, ó sì wolẹ̀. Látìgbà náà, bí ẹ fi iná sí i lẹ́sẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Mo rò pé orí kunkun ni. Ọ̀gá mi ní rárá, ó ní ẹni tó bá jẹ̀bi máa ń rojọ́, ẹni tó bá ń bo ẹlòmíràn ló máa ń dákẹ́ báyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí n gbé ọkọ́. Mo bi í pé ṣé àgbẹ̀ ni mo wá ṣe ni. Ó ní ihò tí bàbá ń gbẹ́ ni kí n gbẹ́ parí. Ohun tí n kò tíì rò nìyẹn o: ibi tí bàbá kú sí kì í ṣe ojú ààlà àtijọ́, kì í sì í ṣe ojú ti tuntun. Ó fi ogún ìgbésẹ̀ kọjá pèrègún tuntun náà, wọnú ilẹ̀ Ìyápọ̀. Kí ni arúgbó ọgọ́rin ọdún ń wá níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́?

Mo gbẹ́ ẹ, mo ń ráhùn. Ọkọ́ kan nǹkan. Àpáàdì mẹ́ta, wọ́n dojú wọn délẹ̀ lórí ara wọn, kùkùté pèrègún tó ti jẹrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bàbá tèmi náà ri àpáàdì sábẹ́ ààlà wa, torí igi lè jóná, èèyàn sì lè wú u, ṣùgbọ́n ta ló máa wá àpáàdì nínú ilẹ̀? Ọ̀gá mi ní kí n lọ gbẹ́ ìdí pèrègún àtijọ́ tí gbogbo ayé ń rí. Mo gbẹ́ ibi mẹ́ta. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

A jókòó sílẹ̀, ọ̀gá mi sì tò ó fún mi. Bàbá Gbọ́láhàn ló gbé pèrègún kúrò nípò, ó ní láti jẹ́ láyé ọjọ́un, lẹ́yìn ikú Ògúndìran tó gbin kajú, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì kéré. Bàbá Yẹ̀kínì mọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò pè é, ẹlẹ́rìí ààlà kì í sì í pe ara rẹ̀. Gbogbo oko kajú pátá, títí kan ogún ìgbésẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ti Ògúndìran ni. Ẹni tó wá gbin pèrègún mẹ́rin láti jí ilẹ̀, ohun tó jí kò tó ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ báyìí," ni mo wí. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ ká fi sílẹ̀. Ó dìde, ó gbọn eruku yẹ̀rì rẹ̀ dànù, a sì lọ sí ilé Ògúndìran.

Kùkùté mẹ́rin wà lẹ́yìn balùwẹ̀ wọn, ojú ibi tí wọ́n gé ṣì funfun. Ọmọ́tóyọ̀sí wà níbẹ̀, ó ń gbálẹ̀. Opó ni, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀, kajú yìí sì ni gbogbo ohun tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Ó rí ibi tí à ń wò. Ó rọra gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Ẹ jẹ́ kí Kẹ́hìndé máa bọ̀ nílé," ó wí. "Kò mọ nǹkan kan. Àdá rẹ̀ ni mo mú."

Ọ̀gá mi ní kó jókòó, kó sọ ọ́.

"Ọjọ́rú ni. Mo gbin ti tuntun, mo gé ti àtijọ́, mo dà wọ́n sínú ọ̀gbun. Mo ń palẹ̀ mọ́ ni mo rí Bàbá lẹ́yìn òkìtì ọ̀gán, wọ́n ń gbẹ́lẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa tọ́ka sí fún Ìyápọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí wọ́n ṣáà sọ fún mi, bó bá jẹ́ pé wọ́n máa gba oko lọ́wọ́ wa, kí n tètè mọ̀. Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n ń gbẹ́lẹ̀ wọn lọ."

"Kí lo wá ṣe?"

"Ẹ̀yìn àdá ni mo fi gbá wọn. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mi ò mọ̀ pé èèyàn máa ń kú bẹ́ẹ̀."

Mo ti di ọlọ́pàá fún ọdún mẹ́tàlélógún. Mi ò rí ibi tí mo máa gbé ojú sí.

Ọ̀gá mi kò sọ ọ̀rọ̀ àpáàdì fún un. Kẹ́hìndé ló sọ ọ́ fún, nígbà tí a tú u sílẹ̀. Ọ̀gá mi ní òun máa gbé àpáàdì náà lọ síwájú Baálẹ̀ ní Sátidé, pé bí ilẹ̀ bá padà sọ́wọ́ wọn, Kẹ́hìndé yóò lè fi tọ́ àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo tiẹ̀ fọ yúnífọ́ọ̀mù mi.

Gbogbo abà pé ní Sátidé. Ọ̀gá mi to àpáàdì mẹ́ta sórí ẹní, ó ṣàlàyé ibi tí a ti rí i, ó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná, ọ̀rọ̀ yé gbogbo ènìyàn. Mo rí i tí àwọn àgbà ń mi orí sí i. Gbọ́láhàn dìde. Kò pariwo lọ́jọ́ náà.

"Baálẹ̀, ọwọ́ tó mọ pèrègún í gbìn, ṣé kò mọ àpáàdì í rì ni?"

Ọ̀gá mi ní àpáàdì náà ti pẹ́ nínú ilẹ̀, pé gbòǹgbò koríko ti gbà á láàárín. Wọ́n bi í pé ta ló rí i nígbà tí wọ́n ń rì í. Ẹni tó rí i ti wà ní itẹ́ òkú. Baálẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ìdílé tó bá ti fọwọ́ kan ààlà, tó tún ta ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀, òun kò lè fi ẹnu òun gba ilẹ̀ fún un. Ó ní pèrègún àtijọ́ ni kí wọ́n padà sí. Àwọn aráabà ní kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Kẹ́hìndé dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó lọ sílé. Inú bí mi débi pé mi ò lè dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Àìkú, a fi ọkọ̀ ọlọ́pàá gbé Ọmọ́tóyọ̀sí lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá. Gbọ́láhàn kò jẹ́ kí ilẹ̀ ó mọ́ dáadáa, ẹ̀ńjìnnì agégi ti ń ké, kajú ti ń wó lulẹ̀ tòun ti èso tó ń pọ́n lórí rẹ̀. Àwọn kan ti ń to igi jọ fún èédú. Ọmọ́tóyọ̀sí na ọrùn lójú fèrèsé, ó wò ó títí a fi kọjá.

"Wọ́n ti fún wọn náà nìyẹn," ó wí. "Kò burú. Bàbá Yẹ̀kínì náà ì bá fún wọn. Kò sí èyí tí mo lè ṣe sí i."

Ohùn rẹ̀ balẹ̀. Àlàáfíà ló ń wá, kó lè rí nǹkan di mú níbi tó ń lọ. Ẹnu mi yìí, Ọlọ́run ló mọ ìgbà tó máa gbọ́n. Mo ní rárá o. Mo ní tiyín ni, gbogbo rẹ̀ pátá, pé àpáàdì ààlà yín ni bàbá ń wú lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá mi yíjú wò mí. Mo fẹ́ kó bú mi.

Ọmọ́tóyọ̀sí kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. A ti ń sún mọ́ ìlú kó tó bi wá.

"Ṣé Kẹ́hìndé mọ̀?"

"Ó mọ̀," ni ọ̀gá mi wí.

"Kí ló wí?"

Mo yí ojú sí fèrèsé. Ọ̀gá mi ló dá a lóhùn.

"Ó ní kí á má sọ fún ọ."